Dírágónì Tí Wọ́n Fi Oríkì Wọ̀n

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ pé sábẹ́ igi ọdán yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun sún sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí àti ikùn tó kún kì í ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ kẹ́yìn, baálẹ̀ abúlé kan tó ti jẹ iyán àárọ̀ yó bì sínú fìlà ara rẹ̀, wọ́n sì ní èmi ni kí n fọ̀ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún yín. Kí etí tó gbọ́ lọ sọ fún ikùn.

Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Ọdẹ́gbèmí. Ẹfọ̀n tí mo bá wò lójú á gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tó bá gbúròó ẹsẹ̀ mi á ránṣẹ́ kí mi. Ṣé mo ti sá fún ẹranko rí? Rárá o. Mo máa ń yára kúrò lọ́dọ̀ wọn ni, kí ojú má baà tì wọ́n.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró aya mi lọ já ewé eéran lẹ́bàá Òkè Agbe, kò sì padà. Mo wá a lọ. Mo bá agbọ̀n ewé rẹ̀ ní ìdojúdé, mo bá bàtà rẹ̀ kan, mo sì bá itọ́ kan tó tẹ́ rẹrẹ bí àkùrọ̀ tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Itọ́ náà ń hó, ó ń rùn bí ẹyin tí adìyẹ kọ̀ sílẹ̀ láti ọdún èṣí. Mo mọ ẹni tó ni ín. Agbémì-Máyó ni, dírágónì àtijọ́ tó ti ń gbé inú òkè náà kí wọ́n tó bí baba baba mi: ejò tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó ní ìyẹ́ bíi ti àdán, tó ń tu iná lẹ́nu.

Ẹ má tíì sunkún. Òfin àtijọ́ tí wọ́n fi dá ẹranko yìí sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ ohun tó bá gbé mì títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Àká ni ikùn rẹ̀, ó ń kó nǹkan pamọ́ síbẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé mì lónìí á jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko, á máa mí, á máa ráhùn. Àwẹ̀ró wà láàyè, àyè sì ṣì wà. Mo gbé ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo tọ ipasẹ̀ dírágónì.

Ipasẹ̀ wo? Ohun tó ń fò kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ìgbẹ́ ló fi sílẹ̀ fún mi. Mo ti tọ ìgbẹ́ erin, mo ti tọ ti ìmàdò, mo sì lè fi òórùn nìkan sọ ọjọ́ orí ẹtu fún yín, ṣùgbọ́n ti dírágónì yàtọ̀. Òkìtì kọ̀ọ̀kan ga tó ọ̀gán, ó ń jó lábẹ́lẹ̀, eṣinṣin tó bá sì bà lé e á yí lẹ́ẹ̀mejì, á ṣubú. Mo fi ewé di imú, mo sì ń fi ọ̀pá tú òkìtì kọ̀ọ̀kan wò, bóyá màá rí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí aya mi. Ẹ wo iṣẹ́ tí ìfẹ́ ń rán ènìyàn. Mo rí ìwo ewúrẹ́, mo rí ìdérí ìkòkò, mo rí agogo ilé-ìwé kan pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń lù ú. N kò rí ìlẹ̀kẹ̀. Inú mi dùn, mo sì bì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe iṣẹ́ yẹn kí n tó wọ Igbó Afunmú. Àwọn iwin ibẹ̀ kò ní ẹnu, imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àlejò, wọ́n á nu imú wọn sí i láṣọ. Bí àlejò bá ṣe lókìkí tó ni ikun rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Òkìkí tèmi sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Àádọ́rin iwin ló tò sórí ìlà. Arúgbó wọn kan tí kò lè dìde ránṣẹ́ pé kí n wá bẹ̀rẹ̀ níwájú òun, kí ọlá yìí má fo òun dá. Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ẹ̀wù ọdẹ mi ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó sì wúwo ju ìbọn mi lọ. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti rí ti ọ̀kẹ́rẹ́, mo wá mọ̀ pé ó sàn ju èyí lọ.

Arúgbó yìí ló sọ ibi tí dírágónì gbà fún mi. Ó ní wọ́n pè é sí ìlú Àtúnwọ̀n ni. Eré kan ni àwọn ará ìlú náà ń ṣe lórí ẹní. Ènìyàn márùn-ún á jókòó yí ẹní ká, ọ̀kan á máa sọ ìtàn: ẹ ti dé ẹnu ihò àpáta, dírágónì jáde sí yín, kí lẹ máa ṣe? Ẹnì kan á ní òun yọ idà, ẹlòmíràn á ní òun gun igi. Wọ́n á wá da egungun kékeré kan tó ní ojú ogún, bí ẹ ṣe ń da ọmọ lúdò, iye tó bá sì yọ ló máa sọ bóyá idà wọlé tàbí igi wó. Eré lásán, àbí? Ṣùgbọ́n ní ìlú àwọn iwin, ohun tí wọ́n bá sọ lórí ẹní ló ń ṣẹlẹ̀ nínú igbó. Gbogbo dírágónì ló sì ní wàláà tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí. Ohun tó bá wà lára wàláà ló ń wà lára ẹranko.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pa òfin eré náà dà. Àwọn dírágónì àtijọ́ kò bá òfin titun mu rárá. Wọ́n gbé ọ̀kan sórí ẹní, ó sín, gbogbo àwọn tó ń ṣeré kú. Wọ́n gbé òmíràn, ẹnì kan fi èkùrọ́ sọ ọ́, ó kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí gbogbo dírágónì àtijọ́ wá, kí wọ́n tún wọn wọ̀n, kí wọ́n sì tún wàláà wọn kọ.

Arúgbó fun imú, ó wá sọ èyí tó kù. Ó ní kò sí àká ọlọ́jọ́ méje nínú òfin titun. Ohun tí dírágónì bá gbé mì, wọ́n á da egungun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nǹkan náà á di omi. Ọjọ́ tí wàláà titun ti Agbémì-Máyó bá gbẹ ni Àwẹ̀ró á di ọbẹ̀.

N kò dágbére fún un. Ẹ̀rù ń bà mí kó má tún dá mi lọ́lá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà ni mo dé ẹnu ibodè Àtúnwọ̀n. Oníbodè tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Dàáwò, iwin tí apá rẹ̀ kan gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í wọlé láìdáhùn àlọ́ òun: kí ló kéré tó láti gba ihò abẹ́rẹ́ kọjá, tó sì tóbi tó láti kún ilé? Mo ní èéfín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ni, pé ogójì ọdún lòun ti ń pa àlọ́ yìí, ẹ̀rù ni ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin titun ní kí wọ́n da egungun fún gbogbo ìdáhùn. Ó da egungun sílẹ̀. Mọ́kàndínlógún.

Ó wo egungun, ó wò mí, ojú rẹ̀ rọ.

“Èéfín ni,” ó wí. “Láti òní lọ, èéfín ni. Ẹ máa wọlé.”

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ń dá sọ̀rọ̀: ogójì ọdún, ogójì ọdún.

Ó yẹ kí n ti padà níbẹ̀. Ìlú tí egungun ti ń pàṣẹ fún ọgbọ́n, kí lẹ fẹ́ kí ènìyàn bá níbẹ̀? Àgbàlá tí wọ́n ń kó àwọn dírágónì tí wọ́n ti tún wọ̀n sí ni mo kọ́kọ́ já sí. Ẹ di ikùn yín mú. Orí dírágónì kan ló wà níbẹ̀, orí nìkan, pẹ̀lú ọrùn tó tín-ín-rín bí okùn tó gba orí odi kọjá lọ. Mo bi í pé ìyókù rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó wà lóko, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin, àti pé ìrù òun kú lọ́dún tó kọjá, oníṣẹ́ ló wá sọ fún òun. Ìkejì kò ní iná lẹ́nu mọ́, itọ́ ló ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ó ti kún àgbàlá dé orúnkún, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kì, nǹkan sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo wọ́ ọ kọjá. Ìkẹta ń jẹrà. Ará ìlú ń sin ín láràárọ̀, ó sì ń hú ara rẹ̀ jáde nírọ̀lẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi láti kí mi, mo bọ̀ ọ́, ọwọ́ náà sì kù sí mi lọ́wọ́.

Mo bèèrè ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ ẹlẹ́gbin yìí. Wọ́n mú mi lọ bá Tẹ̀lé-Ìwé, àgbà akọ̀wé wọn, obìnrin iwin tó gbẹ bí ẹja orí àgbá, tó wọ awò ojú, ṣùgbọ́n tí kò sí ojú lẹ́yìn awò náà. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ikán ti jẹ wàláà àtijọ́ tán, kò sí ẹni tó mọ bí agbára àwọn ẹranko náà ṣe tó. Ohun kan ṣoṣo tó kù láti ìgbà òfin àtijọ́ ni oríkì tí àwọn ọdẹ fi ń kì wọ́n. Oríkì ni wọ́n wá fi ń wọ̀n wọ́n. Ti èkíní sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lóko, orí rẹ̀ ń bẹ nílé. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti èkejì sọ pé ó ń tu iná bí ẹni tutọ́. Wọ́n jiyàn lórí iná àti itọ́, egungun mú itọ́. Ti ẹ̀kẹta ní ó ń sùn bí òkú.

Mo ní, “Ìyá, oríkì kọ́ la fi ń wọn nǹkan. Bí wọ́n bá kì yín ní ‘eléyín ojú ogun’, ṣé ẹ máa lọ fi eyín jà ni?”

“N kò ní oríkì,” ó wí, “ṣùgbọ́n bó bá wà ní wàláà mi, màá lọ.”

Mo tutọ́ sílẹ̀. Ó ti pọ̀ jù nílẹ̀, kò tilẹ̀ hàn.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni Agbémì-Máyó wà, tó dùbúlẹ̀ bí òkè tó wó. Wàláà rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. N kò bèèrè nǹkan kan, mo yin ìbọn fún un níhà. Ọta náà lu ìpẹ́ rẹ̀, ó padà wá, ó gé etí fìlà mi. Ẹranko náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ohùn kan dìde nínú ikùn rẹ̀, ohùn tí mo mọ̀ ju ti ara mi lọ.

“Bàbá Àìná, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?”

“Èmi ni, Àwẹ̀ró.”

“Ọjọ́ kẹfà rè é. Ibo lẹ ti ń bọ̀?”

“Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mò ń tọ̀. Mò ń tú u wò, bóyá màá rí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun. Bí mo bá jáde, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó bọ̀ mí lọ́wọ́.”

Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mò ń sunkún. Ó ròyìn inú ibẹ̀ fún mi: ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí àkàrà tó kan, òkè ń kán sí wọn lórí, olùkọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tí kò dákẹ́ láti ọjọ́ kìíní lórí agogo ilé-ìwé rẹ̀ tó sọnù. Mo ní kí ó sọ fún olùkọ́ pé mo ti rí agogo. N kò sọ ibi tí mo ti rí i.

Tẹ̀lé-Ìwé wá bi mí bóyá mo mọ oríkì ẹranko yìí, nítorí kò sí ọdẹ mìíràn níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Ẹnì kan bi èmi Ọdẹ́níran bóyá mo mọ oríkì, mo sì gbàgbé ohun tí mo bá wá. Mo tẹ́ ọ̀fun sílẹ̀, mo kì í:

Agbémì-Máyó, ọmọ alẹ́nu-bí-ibodè-ààfin.
Ó gbé erin mì, ó ní òun ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.
Ó mu odò tán, ó ń bèèrè ẹni tó bu omi fún òun.

Ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà, ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kì í ni obìnrin yìí ń kọ ọ́. Ẹnu ẹranko náà ya, ó fẹ̀, ilẹ̀kùn méjì àti òpó yọ níbẹ̀. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hó.

“Bàbá Àìná,” aya mi pariwo, “omi gbígbóná ti dé kókósẹ̀ wa. Kí lẹ ń sọ fún wọn?”

Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ará, èmi ni mo jù ú mọ́lẹ̀. Mo bẹ akọ̀wé pé kó pa á rẹ́. Ó ní ohun tó bá ti wọ wàláà kì í jáde, pé bí oòrùn bá ti kan àtàrí, wàláà á gbẹ, àti pé òfin titun ní ohunkóhun tó bá wà níkùn ẹranko nígbà náà, ara ẹranko ni. Ṣùgbọ́n ó ku ojú ìlà kan nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ń kọ ohun tí ẹranko kò lè fara dà sí. Gbogbo dírágónì ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí n kì í.

Mo wo oòrùn. Ọwọ́ kan péré ló kù kó kan àtàrí. Mo wá rò ó pé, bó bá jẹ́ pé ohun tí mo bá sọ ni wọ́n máa kọ, màá sọ pé ohun kan wà tó ń rí i lára, tó máa mú un bì. Ohun wo? Akọ̀wé ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó wà níkàlẹ̀, kí wọ́n lè dán an wò lójú ẹsẹ̀. Mo wò yí ká. Itọ́? Ẹranko náà sùn sínú rẹ̀. Òkú tó ń jẹrà? Ó fi ṣe ìrọ̀rí. Kò sí ohun ìríra kan ní Àtúnwọ̀n tí kò tíì mọ́ ọn lára. Ohun titun kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tó ru ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ikun àádọ́rin iwin àti itọ́ dé orúnkún, èmi ni.

Ẹ̀yin mọ̀ mí. Ẹ mọ bí mo ṣe ń kì ara mi. Gbogbo ará ìlú náà ti pé láti gbọ́, Dàáwò pàápàá fi ibodè sílẹ̀. Mo gbé ohùn sókè, mo sì fi ẹnu ara mi ba ara mi jẹ́:

Agbémì-Máyó tí kò bẹ̀rù idà, tí kò bẹ̀rù ọfà,
Òórùn Ọdẹ́níran ló ń yí i nífun.
Òórùn Ọdẹ́níran dé etí odò, ẹja ní kí wọ́n tètè yan òun.
Òórùn Ọdẹ́níran wọ ilé òkú, òkú bèèrè ẹni tó kú.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò ojú akọ̀wé fi bọ́. Ó gbé e padà, ó bi mí pé imú ẹranko náà nìkan ni ìríra yìí mú ni, àbí gbogbo ara rẹ̀. Ìfun ni mo ń fẹ́ kó yí, oòrùn sì ti dé.

“Gbogbo ara rẹ̀,” ni mo wí. “Gbogbo ara rẹ̀ pátápátá, láéláé.”

Ó kọ ọ́. Wọ́n tì mí síwájú ihò imú ẹranko náà, wọ́n da egungun. Ó yí, ó yí, ó dúró. Mẹ́ta.

Mẹ́ta nínú ogún. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ọwọ́ lérí. Mo pe orúkọ aya mi lẹ́ẹ̀kan, n kò lè pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ Tẹ̀lé-Ìwé lókè orí mi.

“Ọdẹ, ẹ dìde. Egungun tiyín kọ́ nìyẹn, ti dírágónì ni. Òun ló ń da á láti fara dà yín. Mẹ́ta kò lè fara da nǹkan kan.”

Kó tó sọ tán, ẹranko náà fà mí símú. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó wò mí bí ìyàwó ilé ṣe ń wo èkúté inú ìkòkò ọbẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ̀n láti ìrù, ó sì bì. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, n kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi ewúrẹ́, ó bi ọkọ̀ ojú omi kan, ó bi olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà bí ẹni ń lu agogo, ó wá bi Àwẹ̀ró, tó yọ̀ bọ̀ọ́ bí ọmọ titun, tó jókòó sínú rẹ̀, tó ń nu ojú.

Mo sáré sí i. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ yí padà, ó tẹ̀ ba, ó bì. Mo dúró. Mo sún sẹ́yìn, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, ó tún bì. Àwa méjèèjì rò pé ìdọ̀tí ni. Mo lọ wẹ̀ nínú odò wọn lẹ́ẹ̀meje, mo fi kànìnkànìn họ ara títí mo fi ṣẹ̀jẹ̀, mo padà wá. Ó bì.

Tẹ̀lé-Ìwé mú wàláà wá, ó fi ìka tọ́ka sí i. Nígbà tó kọ ọ́, Àwẹ̀ró ṣì wà níkùn ẹranko náà. Ara ẹranko náà ni Àwẹ̀ró nínú òfin. Gbogbo ara rẹ̀ pátápátá, láéláé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ nínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní wàláà ti gbẹ. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì tún fi gbogbo agbára sọ ọ́.

A jọ rìn padà wálé ni, èmi níwájú, òun lẹ́yìn ní ibi tí atẹ́gùn kò ti lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ń pariwo ọ̀rọ̀ síra wa nínú igbó bí olóko méjì.

Ọdún kejìdínlógún nìyí. Ẹ wo abẹ́ igi ìṣin lọ́hùn-ún, obìnrin tó fi ìborùn bo imú yẹn. Òun ni. Ó ń gbọ́ mi láti òwúrọ̀, ó sì ti juwọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé mo ń purọ́ lórí iye àwọn iwin. Ó ti gbé oúnjẹ mi ka orí òkúta tó wà láàárín wa. Ó máa kọ́kọ́ padà sáyè rẹ̀, èmi á wá lọ gbé e, àwa méjèèjì á jẹun, a ó máa wo ara wa.

Ìtàn mi parí, ẹsẹ̀ mi ti kú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ máa lọ sílé. Ẹ̀yin obìnrin, bí ẹ bá ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá mi dì mọ́ ọn.